Etí ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò: iṣẹ́ tí mo ṣe lórí ọmọ oṣù 20 tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀

Ọmọkùnrin náà pé oṣù 20 lọ́sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ gbé e wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tó ń jẹ ìyá lọ́kàn ni pé ọmọ aládùúgbò tí wọ́n jọ bí lóṣù kan náà ti ń sọ pé "Mọ́mì, gbé mi," tirẹ̀ kò sì ju "mọ́mì" àti kó máa nawọ́ sí nǹkan lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá ní, "Ìyàwó mi, fọkàn balẹ̀. Ọkọ ẹ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀."

Mo gbọ́ tàwọn méjèèjì, mo sì gbé ọ̀rọ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ aládùúgbò kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ti bàbá tó pẹ́ sọ̀rọ̀, òótọ́ ni pé pípẹ́ sọ̀rọ̀ máa ń rìn nínú ẹbí, ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ ká tètè yẹ ọmọ wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó pẹ́ ló máa ń bá ẹgbẹ́ wọn tó bá yá. Àmọ́ ní ọdún méjì, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ èyí tó máa bá wọn yàtọ̀ sí èyí tí kò ní í bá wọn.

Òṣùwọ̀n tí mo lò ni ti CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2022. Ní oṣù 15, ọmọ á ti máa gbìyànjú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì yàtọ̀ sí màmá àti dádì. Ní oṣù 18, á tó mẹ́ta. Ní ọdún méjì, á ti máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "omi dà?" Ní oṣù 30, á ti ní nǹkan bí 50. Ohun tí ọmọ 75 nínú 100, ó kéré tán, máa ń ṣe lọ́jọ́ orí yẹn ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé òṣùwọ̀n náà rẹlẹ̀ díẹ̀. Ọmọ tí kò bá dé ibẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ falẹ̀.

Kí n tó ka ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, etí ni mo lọ bá. Ohun tí kò bá wọ etí ọmọ kò lè ti ẹnu rẹ̀ jáde, ibi tí ọ̀pọ̀ òbí sì ń fò kọjá nìyí. Mo bi ìyá léèrè: ṣé oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i? Ṣé ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè nígbà tó wà ní ìkókó, débi tí wọ́n fi gbé e sábẹ́ iná? Ṣé ó ti ní àrùn yírùnyírùn rí, tàbí kí wọ́n gún un ní gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, fún ọjọ́ púpọ̀? Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn lè ba ìgbọ́ràn jẹ́. Rárá ni ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè nípa imú, ìyá àgbà ló dáhùn: imú ọmọ náà kì í gbẹ, ó sì máa ń hanrun lóru bí àgbàlagbà. Mo fa ilà sábẹ́ ìyẹn.

Àyẹ̀wò etí nílé kò gba ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. A pa jẹnẹrétọ̀, a pa fáànù, a sì gbé fóònù jáde. Ọmọ ti jẹun, kò sùn, ara rẹ̀ kò gbóná. Ìyá gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri, ó fún un ní ife àti ṣíbí onírọ́bà kó máa fi ṣeré. Mo dúró lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó ìwọ̀n mítà kan, níbi tí òjìji mi kò ti lè ta lu ògiri iwájú rẹ̀. Ohùn mẹ́ta ni mo lò: mo fi ohùn jẹ́jẹ́ pe orúkọ rẹ̀, mo rọra run ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ti gbẹ, mo sì mí "s-s-s" láìfi ohùn sí i. Ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó yíjú sí orúkọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú mẹ́fà, ó yíjú sí ọ̀rá ní ẹ̀ẹ̀mejì. "S-s-s" kò mì ín rárá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá àgbà sáré mú ọmọrí ìkòkò, ó lù ú gbàgà, ọmọ fò sókè. "Ṣẹ́ ẹ rí i pé ó ń gbọ́!" Ibi tí àyẹ̀wò ti máa ń bà jẹ́ nìyẹn. Ariwo ìkòkò le ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ fíìfíì, ilẹ̀ pàápàá ń gbọ̀n sí ọmọ lẹ́sẹ̀. Ọmọ lè gbọ́ ìlù àti ọkọ̀ kí ó má gbọ́ "ṣ" àti "f". Àwọn nǹkan mìíràn tó ń tanni jẹ ni atẹ́gùn ọwọ́ ẹni tó kan ọmọ lọ́rùn, àti ojú ìyá tó kọ́kọ́ yí sẹ́yìn, tí ọmọ tẹ̀ lé. Ọmọ tó bá sì yege àyẹ̀wò ilé, kò túmọ̀ sí pé etí rẹ̀ dá ṣáká; ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ ìyẹn. Èyí tó bá kùnà ni kò gbọdọ̀ dúró.

Mo wá yẹ òye wò. Ọmọ oṣù 18 yẹ kó lè jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nawọ́. Mo ní kí ìyá sọ pé "Mú bàtà ẹ wá," kí ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, kí ó sì máa wo mí, kó má wo bàtà. Ó ṣòro fún un ju bó ṣe rò lọ, torí ojú máa ń ṣáájú ẹnu. Nígbà tó nawọ́, ọmọ mú un wá wéré. Nígbà tí kò nawọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré nínú márùn-ún. Ó hàn pé ojú ni ọmọ náà fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ohun kan fi mí lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí adìyẹ kan wọlé, ó nawọ́ sí i, ó wo ojú mi, ó tún wo adìyẹ. Kò fẹ́ kí n bá a mú un o, ó kàn fẹ́ kí n rí i ni. Ọmọ tí kì í ṣe irú èyí ní oṣù 18, tí kì í wo ojú ènìyàn, tí kì í dáhùn sí orúkọ rẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ dá, ẹ jẹ́ kí dókítà ọmọdé yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ́tísíìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú ìdàgbàsókè ọpọlọ tó ń kan bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn ṣe. Ìbéèrè 20 wà tí wọ́n ń pè ní M-CHAT-R fún ọmọ oṣù 16 sí 30, òbí ló máa dáhùn wọn. Bí ọmọ bá sì ní ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá ń pàdánù wọn, lọ́jọ́ orí yòówù, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìgbà yìí la wá ka ọ̀rọ̀, fún ọjọ́ méje, nínú ìwé kékeré kan tí a so mọ́ ìṣó ní ilé ìdáná. Òpó mẹ́rin ni mo là sí i: ohun tó sọ, ohun tó ń tọ́ka sí, ẹni tó gbọ́, ọjọ́. Òfin tí mo fi lélẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ni kó sọ ọ́, kì í ṣe pé ẹnìkan ní "sọ pé..." kó tó sọ, kó jẹ́ nǹkan kan náà ló ń pè bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kó jẹ́ pé ènìyàn méjì ló mọ̀ ọ́n. Kò di dandan kó pé. Nínú èdè wa, ohùn sábà máa ń dúró sójú ẹ̀ kí kọ́ńsónáǹtì tó dúró, nítorí náà "ọ-ọ̀" tó ń sọ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá, ọ̀rọ̀ ni. "Lálá" tó fi ń kọ oúnjẹ, "rárá" ni, a kọ ọ́. "Mẹ̀ẹ́" fún ewúrẹ́, a kọ ọ́. Ìyá àgbà ń fi Ìjẹ̀bú bá a sọ̀rọ̀, ìyá ń sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbi tí wọ́n ń gbé e sí láàárọ̀. Gbogbo rẹ̀ la kà pọ̀. Èdè méjì tàbí mẹ́ta kì í dá ọmọ dúró, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gba Ìjẹ̀bú lẹ́nu ìyá àgbà. Ohun tí ń ba ìkà jẹ́ ni pé kí a ka ọmọ tó ń bá tẹlifíṣọ̀n kọ A-B-D mọ́ ọ̀rọ̀. Ọjọ́ méje pé, 7 ló wà nínú ìwé.

Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé okùn abẹ́ ahọ́n ló so ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì gé bẹ́lúbẹ́lú náà. Mo bẹ̀ wọ́n. Okùn abẹ́ ahọ́n lè dí ọmú mímu lọ́wọ́, kì í ṣe òun ló ń dín iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ mọ̀ kù. Abẹ ìta sì lè fa ẹ̀jẹ̀ tí kò ní dá àti àrùn ipá. Mo tún ní kí wọ́n má kán òróró tàbí omi àlùbọ́sà sí etí, kí wọ́n má sì ti kọ́tìn bọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́, torí ńṣe ló máa ń ti ìdọ̀tí lọ sínú.

Mo kọ lẹ́tà fún wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, ní Ṣàgámù. A ò dúró de ọjọ́ náà kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé: ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀, 15 nírọ̀lẹ́, lójúkojú, ká bẹ̀rẹ̀ kí ojú wa lè bá tirẹ̀ dọ́gba. Fóònù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ìlànà àjọ ìlera àgbáyé ti 2019 kò fẹ́ ojú fóònù àti tẹlifíṣọ̀n fún ọmọ ọdún kan rárá, wákàtí kan lóòjọ́ ni kò gbọdọ̀ kọjá láti ọdún méjì sí mẹ́rin.

Ilé ìdáná ló dára jù fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń se ìkókọrẹ́, ọmọ jókòó sórí àpótí, ó jìnnà sí iná, ó wà níwájú ìyá rẹ̀ gan-an. Ìyá mú ewùrà, ó rin ín lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Mo rin." Ó dúró. Ó tún rin ín, "Mo rin ewùrà." Ó na èyí tó ti rin sókè, ó ń fà wálẹ̀ láti orí ìka, "Ó yọ̀!" A ò fún ọmọ ní tútù fọwọ́ kàn, torí yíyún, ife àti ṣíbí rẹ̀ ló ń fi rin tirẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Mo ní kí ìyá ka ení dé àrún nínú ọkàn lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ó máa wo ọmọ bí ẹni tó ń retí èsì. Ní ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́, ó ka dé ẹ̀ta, kò lè mú un mọ́ra, ó ti tún sọ̀rọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà burú jù. Kó tó yanu, wọ́n ti gbé omi fún un. A yí ìyẹn padà: "Omi àbí gàrí?" Kó sọ ohunkóhun, kódà "mi", kí wọ́n dáhùn "omi, omi tútù," kí wọ́n sì fún un. Ẹ̀pà kò gbọdọ̀ sí nínú gàrí rẹ̀ o, ó lè há ọmọdé ní ọ̀nà èémí. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé "sọ pé omi kí n tó fún ẹ." Ọmọ tí wọ́n bá ń dán wò máa ń pa ẹnu dé.

Ní Ṣàgámù, dókítà wo etí méjèèjì, ó fi ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn díẹ̀ sínú etí wo bí ìlù etí ṣe ń mì. Kò mì dáadáa: omi wà lẹ́yìn rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ri orí sínú odò. Oògùn tí a ń kán sí etí kì í dé ẹ̀yìn ìlù, wọn ò sì fún un. Omi náà sábà máa ń gbẹ fúnra rẹ̀, oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fún un kí wọ́n tó tún un wò. Bó bá ṣì wà, wọ́n lè fi ọ̀pá oníhò tíntín sínú ìlù etí kí omi náà lè jáde. Wọ́n ní ká máa bá iṣẹ́ ilé lọ, ká máa sún mọ́ ọn kí a tó sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin a tún ka ọjọ́ méje: 13. Oṣù mẹ́ta pé, wọ́n kó ìwé kékeré náà pẹ̀lú káàdì àjẹsára lọ́wọ́, wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ṣàgámù. Ọ̀rọ̀ 31 ló wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èyí tó gbẹ̀yìn, ìyá àgbà ló gbọ́ ọ lẹ́bàá àwo ìkókọrẹ́, òun náà ló ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́ sílẹ̀: "ó yọ̀".