Bí A Ṣe Ń Dá Iṣẹ́ Ọmọláńgidi Àtijọ́ Mọ̀ Nínú Ilé

Bí ọmọláńgidi àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ rán bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Abẹ́ yẹ̀rì rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ní ẹsẹ̀, tí yẹ̀rì náà sì ṣófo nínú bí agogo, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìbòrí. Bí wọ́n bá sì fi òwú tẹ́ inú rẹ̀ nípọn, tí àbàwọ́n tíì wà létí rẹ̀, ìkòkò tíì ni wọ́n máa ń fi í bò kí ó má baà tètè tutù.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ́wọ́ wò. Èyí tí ìdí rẹ̀ wúwo, tí iyanrìn sì ń dún nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn ni wọ́n fi ń dá dúró kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a dé. Èyí tí ara rẹ̀ le, tí ihò wínníwínní sì pọ̀ lára aṣọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún mọ́ ọn. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, nítorí abẹ́rẹ́ tó ti dípẹtà lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ìka tèmi ló kọ́ mi.

Ẹ má fọ̀ ọ́ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, nítorí àbàwọ́n gan-an ni ẹlẹ́rìí yín.