Bí a ṣe ń kọ ìròyìn mẹ́mórì kí ó bá ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ mu nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tan

Nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux, kernel, ìyẹn ètò tí ó wà ní àárín gbùngbùn tí ń darí ẹ̀rọ, a ti kọ ọ̀pọ̀ ìlà sílẹ̀ nípa ohun tí ó bá nínú ẹ̀rọ náà kí a tó rí ibi tí a ó ti wọlé. Ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lè fi àṣẹ dmesg ka àwọn ìlà wọ̀nyí, ohun tí ó bá sì kà níbẹ̀ ni yóò sọ fún oníbàárà rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò tú ẹ̀rọ palẹ̀ kí ó tó lè bi processor léèrè. Bí ìlà kan kò bá tọ̀nà, irọ́ ni yóò dà lẹ́nu ẹni tí kò mọwọ́, tí kò mẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ẹ ti ń fi èdè C kọ ètò, tí ẹ sì fẹ́ fọwọ́ kan kernel, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Àpẹẹrẹ tí n ó lò jù ni pípa mẹ́mórì lárokò, ìyẹn ni pé kí ohun tí ó wà nínú RAM yí padà sí ohun tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò lè kà.

Kí ẹ tó kọ ìlà kankan, ẹ ya ìbéèrè mẹ́ta sọ́tọ̀. Ǹjẹ́ processor ní agbára náà? Ǹjẹ́ BIOS, ètò tí ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ, ti ṣí i sílẹ̀? Ǹjẹ́ kernel ń lò ó lọ́wọ́lọ́wọ́? Ẹ wo SME (Secure Memory Encryption), agbára AMD tí ń pa mẹ́mórì lárokò: bit 0 nínú EAX ti CPUID 0x8000001F (CPUID ni àṣẹ tí a fi ń bi processor léèrè, EAX sì ni ibi tí ìdáhùn ń bọ́ sí) ni ó ń sọ pé processor ní in; bit 23 nínú MSR 0xC0010010 (MSR ni ibi tí processor ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí) ni ó ń fi hàn pé BIOS ti ṣí i; a sì sábà ní láti fi mem_encrypt=on kún ọ̀rọ̀ tí bootloader, ètò tí ń gbé kernel dìde, ń gbé fún kernel kí kernel tó lò ó. Ìbéèrè kẹta nìkan ni ó lè dá ọ̀rọ̀ náà active (ó ń ṣiṣẹ́), tí kernel ń kọ sínú ìlà rẹ̀ nípa pípa mẹ́mórì lárokò, láre. Bákan náà, bí ẹ bá rí sev (SEV, agbára AMD mìíràn) nínú /proc/cpuinfo lórí ẹ̀rọ tí ń gba virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a fi ètò dá sínú kọ̀ǹpútà, sórí, ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ̀rọ náà lè gba virtual machine tí a pa mẹ́mórì rẹ̀ lárokò; kò sọ pé mẹ́mórì tirẹ̀ gan-an wà lárokò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni mímọ ẹni tí ó ni agbára tí ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí SME wọ inú Linux 4.14 ní 2017, kò sí ewu nínú kí ìlà náà dárúkọ AMD láìbéèrè. Ní 2022, Linux 5.19 gba TDX, agbára Intel tí òun náà ń pa mẹ́mórì virtual machine lárokò, wọlé fún virtual machine, àyẹ̀wò tí ó sì wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni pé bí àmì TDX bá wà, kí kernel kọ Intel TDX. Bí kò bá sí, kí ó ka gbogbo ìyókù sí ti AMD. Ó dà bí ẹni tí ó dúró ní Òjúde Ọba, tí ó ní ẹni tí kò bá ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ kejì ni ó ti wá, bẹ́ẹ̀ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí ó wà lórí pápá pọ̀ ju méjì lọ, àlejò tí kò sí nínú ọ̀kankan náà sì wà níbẹ̀. Hyper-V, ètò Microsoft tí ń gbé virtual machine ró, ni ó tú àṣírí àyẹ̀wò yìí. Ó lè gbé Linux sínú virtual machine tí ó wà nínú òmíràn lórí TDX, kí Linux yẹn nílò àrokò nítorí dátà tí ń wọlé tí ń jáde nìkan, láìsí àmì TDX níbẹ̀. Kernel tí ó bá bá ara rẹ̀ nírú ipò bẹ́ẹ̀ yóò kọ orúkọ AMD sórí processor Intel.

Àtúnṣe rẹ̀ kúrú: kí kernel bi cc_vendor, tí ó ń tọ́jú orúkọ ẹni tí ó ni agbára náà, léèrè ní tààràtà.

switch (cc_vendor) {
case CC_VENDOR_INTEL:
    pr_cont("Intel TDX\n");
    break;
case CC_VENDOR_AMD:
    pr_cont("AMD");
    /* SME, SEV àti ìyókù tẹ̀ lé e */
    break;
default:
    pr_cont("Unknown\n");
}

Ìlà Unknown yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń kọ ètò kì í fẹ́ kí ẹ̀rọ sọ pé òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka Unknown yóò wádìí síwájú sí i, ẹni tí ó bá sì ka orúkọ tí kò tọ́ kò ní í wádìí mọ́. Lábẹ́ AMD, SME kì í bá SEV rìn, nítorí náà bí SME bá ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọ́ kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Ní ti SEV, SEV-ES àti SEV-SNP, orí ara wọn ni wọ́n gùn. Kí ìlà náà dárúkọ gbogbo èyí tí ń ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Ní ti bí RAM ṣe pọ̀ tó, ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Memory: máa ń gbé nọ́ńbà méjì tí ọ̀pá wà láàárín wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni ohun tí ó ṣẹ́ kù fún lílò, èkejì sì ni gbogbo ohun tí kernel mọ̀ sí. RAM 8 GiB jẹ́ 8388608K, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kejì lè dín sí i, nítorí BIOS àti ẹ̀yà tí ń gbé àwòrán jáde a máa bù nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di 8 kí ó lè dùn ún wò.

ECC, ìyẹn bit àfikún tí a fi ń mọ àṣìṣe inú RAM tí a sì fi ń tún un ṣe, kò gba àlàyé púpọ̀. Bí àṣẹ dmidecode -t memory bá sọ pé Total Width jẹ́ 72 bits, tí Data Width sì jẹ́ 64 bits, RAM náà ní bit tí ECC nílò; kò tíì sọ pé ẹnikẹ́ni ń fi wọ́n tún àṣìṣe ṣe.

Nígbà tí ẹ bá ń dán iṣẹ́ yín wò, ẹ tan kernel náà lórí ẹ̀rọ tí agbára náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, lórí èyí tí ó ní in ṣùgbọ́n tí a kò ṣí i, àti lórí èyí tí kò ní in rárá. Lórí méjì tí ó kẹ́yìn, kò gbọdọ̀ sí ìlà kankan tí ó ní active. Ẹ fi journalctl -k -b ka ìròyìn náà, nítorí ibi tí dmesg ti ń kà kò tóbi, ọ̀rọ̀ tuntun a sì máa bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fi àtúnṣe ránṣẹ́, ẹ kọ ìlà tí kernel ń kọ tẹ́lẹ̀ àti èyí tí ó ń kọ báyìí sínú àlàyé yín, pẹ̀lú irú ẹ̀rọ tí ẹ ti rí méjèèjì.