Ọ̀kadà tí ò fa ẹrù gun òkè mọ́: ibi tó yẹ kí owó yín kọ́kọ́ lọ

Ẹni tó ń fi Boxer tàbí CG125 kó àpò kàṣú láti oko Ògìdì lọ sí Kábbà, tàbí tó ń ru iṣu bọ̀ láti ẹ̀yìn Ìsánlú, kò nílò ọ̀kadà tó ń sáré. Èyí tó ń fà ló nílò. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ̀rọ máa sáré, ọ̀tọ̀ ni kó máa fà, ohun tó bá sì fi kún ọ̀kan sábà máa ń yọ lára ìkejì. Lórí òkè, nínú jíà kejì, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì kì í ráyè yí dé ibi tí agbára eré rẹ̀ wà. Torí náà, ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ tà fún yín, ẹ béèrè bóyá yóò jẹ́ kó fà dáadáa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò bá tíì yí púpọ̀. Bí mẹkáníìkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe máa dún, ẹ fi owó yín sápò.

Ẹ má ra nǹkan kan kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì pé. Púpọ̀ nínú ọ̀kadà tí wọ́n ní agbára rẹ̀ kéré, agbára rẹ̀ ò kéré rárá, ó ti jẹ ni. Ẹ gbé e sórí sítáńdì, ẹ fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Bí kò bá yí fàlàlà, bíréèkì ló há tàbí ṣéènì ló le jù. Àárín ṣéènì gbọ́dọ̀ lè mì sókè sódò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Lẹ́yìn náà, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ de géèjì kọ̀ǹpírẹ́ṣàn (èyí tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó) mọ́ ihò rẹ̀, ẹ fa tọ́rótù dé òpin (bí ẹ ò bá fà á, irọ́ ni géèjì máa pa fún yín), kí ẹ wá máa ta kíìkì títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò fi ní gòkè mọ́. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí ara rẹ̀ dá máa ń tó 150 psi. Bó bá já sí abẹ́ 110, ẹ ro ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣíbí tíì kan, ìyẹn mílílítà 5, sínú ihò yẹn, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí abẹ́rẹ́ bá fò sókè, ríìngì tàbí sílíńdà ló jẹ. Bí kò bá kúrò níbi tó wà, fáàfù ni kò padé tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Kò sí ohun tí ẹ máa rà tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Tápẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀, ìyẹn àyè kékeré tó wà láàárín fáàfù àti ọwọ́ tó ń tì í. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yí mágínẹ́ẹ̀tì títí àmì T fi máa bá àmì ara ilé rẹ̀ mu, ẹ sì rí i pé ọwọ́ fáàfù méjèèjì ń mì díẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá le, ẹ tún mágínẹ́ẹ̀tì yí ní odindi ẹ̀ẹ̀kan sí i. Àyè ti CG125 jẹ́ mílímítà 0.08 fún fáàfù méjèèjì. Fún Boxer, ẹ wo ìwé tirẹ̀. Àwọn kan máa ń fún tápẹ́ẹ̀tì pa kó má bàa pariwo. Fáàfù tí wọ́n fún pa kì í padé tán, iná ni yóò máa jẹ etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìfà náà á máa lọ díẹ̀díẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá pé, sípírókẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé, lẹ máa kọ́kọ́ náwó lé. Kò sí ohun mìíràn tó fún alẹ́rù ní ìfà lówó kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹ ka eyín ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ẹ fi ti iwájú pín ti ẹ̀yìn. Ká ní 14 ló wà níwájú, 42 lẹ́yìn: 3.00 nìyẹn. Bí ẹ bá fi 13 síwájú, ó di 3.23, ìfà tó ń dé táyà á sì fi nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Bí ẹ bá fi iwájú sílẹ̀, tí ẹ fi 45 sẹ́yìn, ó di 3.21, eyín kan níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta lẹ́yìn. Ohun tí ẹ máa fi dí i ni eré: bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀ ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan, 74 lẹ máa rí. Lójú títì gbọọrọ, epo á lọ díẹ̀ sí i.

Nínú méjèèjì, ti ẹ̀yìn la fara mọ́, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú tó bá kéré jù máa ń ká ṣéènì kò kíkankíkan, eyín rẹ̀ tètè ń jẹ, ṣéènì náà sì lè máa ha apá ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ẹ mọ̀ pé ṣéènì àtijọ́ lè kúrú fún eyín 45. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ ra ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀. Irin tuntun lábẹ́ ṣéènì tó ti gùn ò ní pẹ́ kó tó jẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ fa ṣéènì kúrò lára sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn: bí ẹ bá rí tó ìdajì eyín, ó ti parí.

Àwọn tó ń gun ọ̀kadà ńlá ní Amẹ́ríkà, irú Harley-Davidson tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó cc 1,746, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fílítà atẹ́gùn tó fẹ̀, sàlẹ́ńsà tó ṣí, àti títún ẹ̀rọ epo ṣe. Ó ń bá wọn ṣe, torí òfin ariwo àti èéfín ti dí ẹ́ńjìnnì wọn lọ́nà. Àwọn ọmọ wa rí i lórí fóònù, wọ́n wá ń gé sàlẹ́ńsà CG. Lára ẹ́ńjìnnì kékeré, ariwo ló máa ń pọ̀ sí i, ìfà ìsàlẹ̀ tí ẹ nílò lórí òkè sì sábà máa ń dín kù. Yíyọ fílítà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àsìkò kàṣú, tí eruku pupa bo gbogbo ọ̀nà oko, ni eruku yẹn máa bá ríìngì ṣeré. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ fílítà fóòmù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, kí ẹ fún un dáadáa. Pẹtiróòlù máa ń ba fóòmù jẹ́.

Bí fílítà bá mọ́ tí ọ̀kadà ò sì fà lórí òkè síbẹ̀, ẹ wo púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi tọ́rótù kíkún gun òkè fún kìlómítà kan, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ pa iná lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tú u. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá rí bí ti èèpo igi gbígbẹ, ó dára. Funfun: epo ò tó, ooru ń pa ẹ́ńjìnnì. Dúdú bí èédú: epo pọ̀ jù. Bó bá funfun, ẹ fi jẹ́ẹ̀tì ńlá (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀) tí nọ́ńbà rẹ̀ ga díẹ̀ rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, bíi láti 95 sí 98, kí ẹ tún un dán wò. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi wáyà gbẹ́ ihò jẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó máa mọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́.

Písítìnnì ńlá ló kẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi písítìnnì 0.50 tàbí 1.00 (iye mílímítà tó fi fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ) tàn yín: àtúnṣe sílíńdà tó jẹ nìyẹn. Láti mílímítà 56.5 sí 57.5, CG125 ò fi ju ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tó lágbára ni sílíńdà mílímítà 62, tó ń sọ cc 124 di 149. Ṣùgbọ́n ẹnu àpótí ẹ́ńjìnnì lè má gba ìdí sílíńdà náà láìjẹ́ pé wọ́n gbẹ́ ẹ, ìyẹn sì nílò máṣìnnì gidi, kì í ṣe fáìlì. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á. Jẹ́ẹ̀tì á yípadà, ooru á pọ̀, kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sì lè máa yọ̀ lábẹ́ ẹrù: ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọ̀kadà ò ní lọ. Nígbà ìtòpọ̀, àmì IN orí písítìnnì gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí epo ti ń wọlé, kí ẹnu àwọn ríìngì má sì ṣe wà lójú kan. Fún kìlómítà 500 àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ ru ẹrù, tọ́rótù ò sì gbọdọ̀ kọjá ìdajì. Ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù ní kìlómítà 300, ẹ gbé e sí oòrùn nínú abọ́ funfun: ìyẹ̀fun irin tó ń dán díẹ̀ ò burú, àmọ́ bó bá jẹ́ èérún tí ọwọ́ lè mú, ẹ tú ẹ́ńjìnnì náà kí ẹ tó tún un ta.