Kànga Kan, Ìdílé Púpọ̀: Bí Ẹ Ó Ṣe Pín Omi Lásìkò Ẹ̀ẹ̀rùn

Kí ẹ tó pín omi kànga, ẹ wọ̀n ọ́n. Ìjà tó ń bẹ́ sílẹ̀ nídìí kànga láwọn agboolé Ìbàdàn, látìgbà tí ọyẹ́ bá ti dé títí wọ oṣù kẹta, orí pé kò sẹ́ni tó mọ iye omi tó kù ló sábà máa ń dá lé.

Ẹ so òkúta mọ́ ìdí okùn náílọ́ọ̀nù, kí ẹ sì ta kókó sí i ní 25 sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo okùn òwú: omi máa ń gùn ún, á wá parọ́ fún yín. Lálẹ́, tẹ́nikẹ́ni ò bá ní fa omi mọ́, ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀ títí òkúta á fi kanlẹ̀, ẹ fà á jáde, kẹ́ ẹ ka kókó tó rin. Ẹ tún ṣe é láago márùn-ún ìdájí. Ohun tó fi lé sí ti alẹ́ ni kànga sun lóru. Nínú kànga tó fẹ̀ tó mítà kan, ìdajì mítà jẹ́ nǹkan bíi lítà 390, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi tó sun lóru yìí nìkan ni kí ẹ pín.

Ẹ fi orí pín in, ẹ má fi yàrá pín in. Ayálégbé oníyàrá kan tó bímọ márùn-ún kò lè gba iye kan náà pẹ̀lú àpọ́n. Tẹ́nì kan bá ń gba lítà 15 lójúmọ́, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn kárí èèyàn 25. Tí ẹ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi mẹ́ruwà ni kẹ́ ẹ máa fi fọṣọ.

Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn. Inú erùpẹ̀ tó bò ó lomi ti ń sun wá, díẹ̀díẹ̀, fífà lemọ́lemọ́ ò sì ní jẹ́ kó ráyè kún. Ẹ fà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ ti ìdérí rẹ̀ pa láàárín méjèèjì. Kọ́kọ́rọ́ ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù nìkan. Ẹ fi ìdajì mítà tó gbẹ̀yìn sílẹ̀: tí korobá bá ti ń ha ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ á rú, á sì dí ojú ìsun.

Ẹ̀rọ ìfami ló ń ba àdéhùn jẹ́ jù. Kékeré tó ń fa lítà 30 ní ìṣẹ́jú kan á gbé gbogbo omi òru lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, sínú tánkì ẹnì kan ṣoṣo. Tómi bá sì tán tó ṣì ń ṣiṣẹ́, á jóná, torí omi yẹn ló ń mú un tutù.

Tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ ẹ jìn sí i, oṣù kẹta ni, nígbà tómi ti lọlẹ̀ pátápátá. Ẹ kọ́kọ́ sọ àtùpà sísàlẹ̀. Tó bá kú, kẹ́nikẹ́ni má wọlé. Ẹ má gbé ẹ̀rọ tó ń lo epo bẹntiróòlù sínú kànga láéláé, èéfín rẹ̀ ń pààyàn, àtùpà ò sì lè fi ìyẹn hàn yín. Ẹ so okùn mọ́ àyà ẹni tó ń wọlé. Tó bá dákú, okùn yẹn ni kẹ́ ẹ fi fà á jáde. Ẹ má wọlé tọ̀ ọ́.