Ìrírí mi nídìí ẹ̀rọ tí ń fi iná darí ìṣàn omi

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò le lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè. Omi tútù kan ń gba inú páìpù oníke tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 25 lọ sára ẹ̀rọ ńlá kan kí ẹ̀rọ náà má baà gbóná jù. Ọwọ́ ni a fi ń ṣí fáàbù rẹ̀, ojú ni a sì fi ń díwọ̀n bí omi ṣe ń lọ sí. Wọ́n wá fẹ́ kí omi náà máa ṣàn ní 30 lítà ní ìṣẹ́jú kan láìsí pé ẹnikẹ́ni dúró tì í. Ohun mẹ́ta ni mo ní láti so pọ̀: míìtà tí yóò máa wọn ìṣàn omi, fáàbù tí mọ́tò kékeré ń ṣí tí ó sì ń tì, àti kọ̀ntírólà tí yóò máa gbọ́ ti míìtà kí ó lè pàṣẹ fún fáàbù. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò. Ọjọ́ kan péré nínú wọn ni mo fi so wáyà. Mẹ́ta tó kù lọ sórí páìpù, omi àti ìdánwò. N kò kà á sí ìfàkókòṣòfò, nítorí kọ̀ntírólà kò rí omi rí. Iná kékeré tí wáyà gbé wá bá a nìkan ló mọ̀, bí iná náà bá sì parọ́ fún un, yóò fi tọkàntọkàn tẹ̀lé irọ́ náà.

Míìtà tí mo yàn jẹ́ èyí tí ń fi òòfà ṣiṣẹ́. Wáyà tí wọ́n ká sínú ara rẹ̀ ń sọ àyè inú páìpù di òòfà. Bí omi bá ti ń la àárín òòfà náà kọjá, iná tín-ín-rín kan máa ń jáde, ojú irin kékeré méjì tó kọjú síra lára ògiri míìtà a sì gbà á. Bí omi bá ṣe ń sáré tó ni iná náà ṣe ń pọ̀ tó. Michael Faraday ló ṣàwárí òfin tí èyí dúró lé ní ọdún 1831. Mo fẹ́ràn irú míìtà yìí nítorí pé kò sí ohunkóhun tí ń yí nínú rẹ̀ tí ìdọ̀tí lè dá dúró, ṣùgbọ́n omi tí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá nìkan ló lè wọ̀n. Kò wúlò fún epo, bẹ́ẹ̀ ni kò wúlò fún omi tí a ti sẹ́ títí tí kò fi sí iyọ̀ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Mo ti ṣe ìṣirò kí n tó béèrè fún un: 30 lítà ní ìṣẹ́jú kan nínú páìpù mìlímítà 25 jẹ́ nǹkan bíi mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì bá míìtà náà lára mu. Bí a bá ra míìtà tó tóbi jù, omi yóò máa wọ́ nínú rẹ̀, iye tí yóò máa kà kò sì ní fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí a dáhùn kí sípánà tó jáde nínú àpò: bí iná fáàbù bá lọ lójijì, ṣé kí ó ṣí ni, àbí kí ó tì? Ọmọkùnrin tí a jọ ṣiṣẹ́ náà sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ó tì, kí omi má baà ya kún ilẹ̀.” Mo ní kí ó ronú sí ẹ̀rọ gbígbóná tó wà ní ìkángun páìpù. Bí fíúùsì inú àpótí kọ̀ntírólà bá jó nígbà tí pọ́ǹpù ṣì ń ṣiṣẹ́, tí fáàbù sì tì, ẹ̀rọ náà yóò jóná kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nítorí náà, fáàbù tó ní sípíríǹgì ni a mú, èyí tí yóò ṣí ara rẹ̀ pátápátá bí iná bá kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kẹ́míkà ni a ń dà sínú àgbá ni, òdìkejì rẹ̀ ni ǹ bá yàn.

Mo pa súwíìsì pọ́ǹpù, mo fi ágádágodo tì í, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wọ inú àpò ara mi. Mo fi tẹ́sítà kan wáyà tí mo mọ̀ pé iná wà nínú rẹ̀, mo fi kan èyí tí mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, mo sì tún padà fi kan ti àkọ́kọ́, nítorí tẹ́sítà tó ti kú máa ń sọ pé kò síná níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà ni mo ti fáàbù ọwọ́ ní ìhà méjèèjì, mo da omi tó wà láàárín wọn nù, mo sì dúró títí abẹ́rẹ́ tí ń fi ìfúnpá omi hàn fi sùn sórí òdo. Síbẹ̀, bóòtù tó jìnnà sí mi jù ni mo kọ́kọ́ tú. Bí omi bá ṣẹ́kù, ọ̀hún ni yóò tú sí, kì í ṣe ojú mi.

Ibi tí páìpù ti ń gòkè, tí omi ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ni mo gbé míìtà sí, nítorí níbẹ̀ ni páìpù ti máa ń kún dẹ́nu. Ìwé tó bá míìtà wá béèrè pé kí páìpù tọ́ gbọọrọ ní ìlọ́po márùn-ún fífẹ̀ rẹ̀ ṣáájú míìtà, àti ìlọ́po mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí í ṣe mìlímítà 125 àti 75. Mo fún un ní 250 ṣáájú, torí pé ìgbọ̀nwọ́ páìpù méjì tó tẹ̀lé ara wọn wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, omi tó bá sì gba irú ibẹ̀ kọjá máa ń lọ́ bí okùn. Fáàbù wà lẹ́yìn míìtà, kí ìrúkèrúdò tó ń dá sílẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ míìtà. Asẹ́ wà níwájú àwọn méjèèjì. Páìpù ẹ̀gbẹ́ kan tó ní fáàbù ọwọ́ sì yí wọn ká, kí omi lè máa lọ bí a bá ní láti tú wọn lọ́jọ́ iwájú.

Kí míìtà tó dé àyè rẹ̀, mo fi ègé páìpù lásán dí ibẹ̀, mo sì jẹ́ kí omi ṣàn gbuuru fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgé ike ló jáde, pẹ̀lú èérún rọ́bà àti nọ́ọ̀tì kékeré kan tí kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti wá. Nígbà tí mo wá ń de míìtà, mo yẹ rọ́bà tó wà láàárín ojú páìpù méjèèjì wò dáadáa kí ó má ṣe yọ ahọ́n sínú ọ̀nà omi, mo wo ọfà tó wà lára míìtà pé ó kọjú sí ibi tí omi ń lọ, mo sì fún àwọn bóòtù náà díẹ̀díẹ̀ ní ìkọjúsíra, n kò fún wọn tẹ̀lé ara wọn yípo.

Ní ti wáyà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Kọ̀ntírólà ń lo fóòtì 24, míìtà sì ń fi iná tó wà láàárín mílíáḿpù 4 àti 20 bá a sọ̀rọ̀. Mo tò ó pé kí 4 jẹ́ òdo, kí 20 sì jẹ́ 60 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Torí náà, 30 lítà tí a ń wá bọ́ sí 12 gẹ́lẹ́. Mo mú ẹ̀rọ ìdánwò kékeré kan tó lè sín míìtà jẹ, mo fi 4, 8, 12, 16 àti 20 ránṣẹ́ láti ẹnu wáyà, ojú kọ̀ntírólà sì ka 0, 15, 30, 45 àti 60. Okùn wáyà míìtà gba ọ̀nà tirẹ̀, ó jìnnà sí èyí tó ń gbé iná lọ sọ́dọ̀ mọ́tò pọ́ǹpù, aṣọ irin tó bò ó sì kan ilẹ̀ ní ìkángun kan ṣoṣo, lọ́dọ̀ kọ̀ntírólà. Kí okùn kọ̀ọ̀kan tó wọ inú àpótí, mo jẹ́ kí ó tẹ̀ sísàlẹ̀, kí omi tó bá sá tẹ̀lé e lè kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kí ó bá a wọlé.

Ìdí tí a kò fi bẹ̀rẹ̀ láti òdo mílíáḿpù yẹ ní sísọ, torí ibẹ̀ ni ewu wà. Wáyà tó já kì í gbé iná kankan wá. Bí òdo bá túmọ̀ sí pé omi kò ṣàn, kọ̀ntírólà yóò gba wáyà tó já gbọ́ pé omi ti tán, yóò sì máa ṣí fáàbù lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìlànà NE 43 ti NAMUR, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lo irú ẹ̀rọ àdáṣe báyìí, ka ohun tó bá lọ sí mílíáḿpù 3.6 tàbí kí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, àti ohun tó bá tó 21 tàbí kí ó kọjá rẹ̀, sí àmì àìsàn. Mo tò ó bẹ́ẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi tú wáyà míìtà nígbà tí omi ń ṣàn. Fèrè ìkìlọ̀ dún, fáàbù ṣí gbayawu, iṣẹ́ àdáṣe sì dá dúró títí ẹnìkan fi wá tẹ bọ́tìnnì. Bí n kò bá tíì rí èyí lójú ara mi, n kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

Níbi tí mo ti ṣìṣe rèé. Mo ti gbogbo fáàbù, páìpù kún fún omi tó dúró jẹ́ẹ́, síbẹ̀ ojú míìtà ń jó láàárín 2 àti 7 lítà. Okùn wáyà ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, mo sì fi bíi wákàtí méjì tọ́pa rẹ̀ láìrí nǹkan kan. Ike ni páìpù náà, kò sì sí ohun tó so omi inú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, torí náà míìtà kò ní ibi tó lè fi wọn iná tín-ín-rín rẹ̀ sí. Ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀ òrùka irin méjì tó yẹ kí ó wà ní ìhà méjèèjì míìtà, tí omi yóò máa kàn, tí wáyà yóò sì so mọ́ ilẹ̀. Mo ti kà á, mo sì ti gbójú fò ó torí pé kò sí nínú páálí. Nígbà tí a rí wọn, tí a sì fi wọ́n sí i, kíkà náà sùn sórí òdo, kò sì mira mọ́.

Ìdánwò tí mo gbà gbọ́ jù lọ kò ju garawa, òṣùwọ̀n àti aago lọ. Mo darí omi sínú garawa ńlá fún 60 ìṣẹ́jú àáyá nígbà tí míìtà ń ka 30. Ohun tí mo wọ̀n jẹ́ kílò 28.4, dípò nǹkan bíi 30. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, kò yàtọ̀. Ẹlòmíràn ì bá yí nọ́ńbà inú míìtà padà kí méjèèjì lè bára mu. Mo gbé etí sí páìpù, mo gbọ́ ìró bí ìgbà tí èèyàn ń da iyanrìn wẹ́wẹ́ sórí páànù: afẹ́fẹ́ wà nínú omi náà, míìtà sì ń ka afẹ́fẹ́ mọ́ omi. Kò sí ibi tó ń jò, nítorí ìhà tí pọ́ǹpù ti ń fa omi ni àlàfo náà wà. Ibẹ̀ kì í da omi sóde, afẹ́fẹ́ ló ń fà sínú. Mo fi ìfófò ọṣẹ pa gbogbo oríkèé tó wà níbẹ̀. Ní oríkèé kan ṣoṣo, ìfófò náà wọlé ṣín-ín, bí ẹni pé páìpù ń mu ún. A tún oríkèé náà dì, garawa sì fún wa ní kílò 29.8.

Ìgbà náà ni mo tó jẹ́ kí kọ̀ntírólà máa darí fúnra rẹ̀. Àwọn tó mọ orúkọ Ziegler àti Nichols, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, mọ ọ̀nà kan láti tò kọ̀ntírólà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1942, níbi tí a ti máa ń jẹ́ kí ìṣàn máa lọ sókè sódò kí a tó mọ iye tó yẹ. N kò lò ó, torí n kò fẹ́ kí omi ẹ̀rọ gbígbóná máa jó fún ìdánwò lásán. Mo fi ọwọ́ gbé fáàbù láti ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, mo wo bí ìṣàn ṣe dáhùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára ìdáhùn kékeré. Apá kọ̀ntírólà tí ń kó àṣìṣe tó ti kọjá jọ ni mo fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sí. Èyí tí ń wo bí nǹkan ṣe ń yára yí ni mo pa pátápátá, torí omi kì í dúró jẹ́ẹ́, gbogbo ìmira rẹ̀ ni apá náà yóò sì máa sáré tẹ̀lé. Mọ́tò fáàbù yìí ń lo 15 ìṣẹ́jú àáyá láti ìtì dé ìṣí. Nígbà tí mo jẹ́ kí kọ̀ntírólà yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣàn ń lọ láti 26 sí 34 láìsinmi. Mo dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, mo sì ní kí ó má ṣe gbé fáàbù bí àṣìṣe kò bá tó ìdajì lítà. N kò tilẹ̀ fẹ́ mọ́tò tó yára jù bẹ́ẹ̀, nítorí fáàbù tó bá tì lẹ́ẹ̀kan náà ń mú kí omi lu páìpù bí òòlù, oríkèé ike kì í sì í pẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Bọ́tìnnì pupa tí ń dá pọ́ǹpù dúró kò gba inú kọ̀ntírólà kọjá. Ó ń gé iná mọ́tò tààrà. Bí ìṣàn bá sì wà lábẹ́ 5 lítà fún 10 ìṣẹ́jú àáyá, pọ́ǹpù yóò pa ara rẹ̀, fèrè yóò sì dún kí wọ́n lè dá ẹ̀rọ gbígbóná náà dúró, nítorí pọ́ǹpù tí kò rí ibi da omi sí máa ń se omi inú ara rẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́.

Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ̀rọ ńlá bá ń sinmi, a máa ń ti fáàbù ọwọ́ méjèèjì láti wo bóyá òdo ṣì ni òdo, a ó sì tún gbé garawa wá. Iye tí a bá kà ń lọ sínú ìwé kékeré tí mo so mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí náà pẹ̀lú wáyà. Kílò 29.8 ti ọjọ́ kìn-ín-ní ló wà lókè ojú ìwé àkọ́kọ́, pẹ̀lú 28.4 tí mo fi ìlà fá, tí mo kọ “afẹ́fẹ́” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.