Bí Ẹ Ó Ṣe Gbé Eré Ìlù, Ijó àti Òkìtì Títa Sínú Gbọ̀ngàn Ńlá

Kí ẹ tó háyà iná tàbí sípíkà kankan, ẹ lọ sínú gbọ̀ngàn náà nígbà tó ṣófo. Ẹ ní kí ẹnì kan máa lu agogo níbi tí onílù máa dúró, kí ẹ̀yin sì máa rìn lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo máa ń pe kíù nínú irú eré báyìí, ìyẹn ni pé èmi ni mo máa ń sọ ìgbà tí iná, fídíò àti òṣèré máa bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Ìró ń rin nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá dúró sí 68 mítà á rí i pé ọ̀pá ti kan agogo kó tó gbọ́ ọ, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Lẹ́nu, kékeré ni. Lẹ́sẹ̀ oníjó, ìyẹn ti tó láti ba ijó jẹ́.

Nítorí náà, nínú gbọ̀ngàn tó tó ti Tíátà Àpapọ̀ ní Iganmu, tí ìjókòó ibẹ̀ tó 5,000, sípíkà iwájú nìkan kò tó. Ẹ so òmíràn sáàárín, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń mójú tó ohùn jẹ́ kí ohùn tàárín yẹn pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, kó lè bọ́ sí àsìkò kan náà pẹ̀lú èyí tó ń bọ̀ láti iwájú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ará ẹ̀yìn á máa gbọ́ ìlù kan. Ẹ gbé sípíkà kékeré ti àwọn oníjó náà, kí wọ́n má baà máa dúró de ohùn láti òdìkejì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pinnu ẹni tó máa jẹ́ aago eré. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, kọ̀ǹpútà ni aago. Á máa ta kọ́, kọ́, kọ́ sétí àwọn olórin, iná àti fídíò ara ògiri á sì máa tẹ̀ lé e. Mo gbé e wá fún àwọn onídùndún. Bàbá tó ń lu ìyáàlù fi nǹkan ọ̀hún sétí, ó lùlù díẹ̀, ó yọ ọ́, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ń sáré lé mi nínú etí yìí?" Mo rò pé Bàbá ni kò tíì lajú. Èmi ni n kò tíì gbọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, fídíò oníṣẹ́jú méje wà lára ògiri. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀, àrá sì gbọ́dọ̀ sán gẹ́lẹ́ nígbà tí oníjó bàtá bá fò sókè. Bàbá rí olóyè kan tó ń wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ó kì í títí ó fi dé orí baba ńlá rẹ̀. Àrá sán lára ògiri, gbogbo gbọ̀ngàn tàn yòò, oníjó wa ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń so okùn ṣòkòtò rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìyáàlù ni aago mi. Ẹ gé fídíò sí wẹ́wẹ́. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan parí sí àwòrán tó lè máa yí po láìsí pé ẹnikẹ́ni fura: òjò tó ń rọ̀, ewé tó ń mì, omi tó ń ṣàn. Kó máa yí bẹ́ẹ̀ títí onílù á fi sọ gbólóhùn tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí. Ẹ lọ bá onílù nílé, ẹ jókòó tì í, kí òun fúnra rẹ̀ yan gbólóhùn náà, kó sì jẹ́ èyí tí kò ní sọ níbòmíràn nínú eré. Ti dùndún ni kí ẹ fi ṣe àmì. Akólòlò ni bàtá. Ọ̀pọ̀ wa tí dùndún yé ni ọ̀rọ̀ bàtá kì í yé. Bí ẹni tó ń pe kíù kò bá gbọ́ ìlù, kó mú ẹni tó gbọ́ jókòó ti ara rẹ̀.

Máìkì kékeré tí a ń há ni kí ẹ lò fún ìyáàlù, torí onílù kò ní dúró sójú kan. Ẹ há a sí etí ojú ìlù, kó jìnnà sí ṣaworo, kó má sì sí níbi tí ọwọ́ tó ń fún ọṣán á ti máa ha á. Mo ti jókòó wo eré kan tó jẹ́ pé ṣaworo nìkan la gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣìn-ìn-ṣìn-ìn, bí ẹni ń gbá kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀.

Ìwé kíù mi kò ju ìwé ọmọ ilé-ìwé lọ. Mo fa ojú ewé sí mẹ́ta: ohun tí ìlù máa sọ, ohun tí èmi máa sọ, ẹni tó máa ṣe é. Mo máa ń ní, "Iná 14, fídíò 6, ẹ múra." Ìlù á sọ tirẹ̀. Mo máa wá ní, "Ó yá." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ "ó yá" nítorí nǹkan mìíràn nínú headset, ohun etí tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ọmọ tó ń bá mi gbé omi nígbà kan pé, "Ó yá, gbé e wá," ni ẹni tó wà nídìí iná bá pa gbogbo iná.

Okùn nìkan ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ìlù. Bí ẹ bá fẹ́ fi okùn gbé ènìyàn sókè, ẹ béèrè ìwé ẹnjiníà lọ́wọ́ onígbọ̀ngàn: kílò mélòó ni ibi ìsokọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbé? Bí kò bá síwèé, ẹ má so ènìyàn kọ́. Ohun tí a ń tẹ̀ lé ni pé kí okùn, ìkọ́ àti bẹ́líìtì lè gbé ìlọ́po mẹ́wàá ẹrù tí ẹ máa gbé kọ́ ọ, torí ẹni 70 kílò kì í wọn 70 kílò mọ́ nígbà tó bá já wálẹ̀ tí okùn gbà á lójijì. Ẹni tó di okùn mú ló láṣẹ. Bí mo bá ní "ó yá" tó sì ní "rárá", rárá ni. Bàbá á máa lùlù lọ, òjò ara ògiri á máa rọ̀, èrò ò ní mọ nǹkan kan. Bí òrùlé kò bá sì gbé e, ẹ tàkìtì nílẹ̀. Ilẹ̀ náà ni eégún apidán ti ń ta á kí bàbá tó bí wa tó dáyé.

Ilẹ̀ ọ̀hún gan-an ni mo ti rí ewu jù. Obìnrin kan jáde láti ìjókòó iwájú, ó ń lẹ igba náírà mọ́ oníjó níwájú orí. Owó já bọ́. Ọmọkùnrin tó ń tàkìtì ẹ̀yìn bọ̀ balẹ̀ lórí méjì nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ bí ẹni tẹ ilá, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Oṣù méjì ni kò fi ṣiṣẹ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka owó níná lé oníjó lórí sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹ lọ ka òfin fún ẹni tí wọ́n ń kì lójú agbo. Igbá ńlá méjì ni mo máa ń gbé síwájú ìtàgé báyìí. Ẹni tó bá sọ owó sínú igbá ni Bàbá ń kì. Ẹni tó bá ń gòkè bọ̀, ìlù á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi mọ̀nà igbá.

Èéfín tó ń jẹ́ kí ìtànṣán iná hàn náà lè mú ilẹ̀ yọ̀, kí ẹnì kan máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ pa á nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wà lófuurufú. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé e.

Láàárín apá kan sí èkejì, ẹ má jẹ́ kí òkùnkùn pẹ́. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ó wo eré eégún alápá mẹ́ta níwájú Aláàfin. Wọ́n tilẹ̀ sín òyìnbó jẹ nínú apá kẹta. Láàárín apá kan sí èkejì, àwọn obìnrin ọba ń kọrin, èrò sì ń gbè é. N kò tíì rí ọgbọ́n tó ju ìyẹn lọ. Mo máa ń fi akọrin mẹ́rin pamọ́ sáàárín èrò. Wọ́n á dá orin tí tọmọdé tàgbà mọ̀, kí wọ́n tó gbè é tán, a ti tẹ́ mátíìrẹ́sì.

Jẹnẹrétọ̀ méjì ni kí ẹ ní. Kí kọ̀ǹpútà fídíò àti headset wà lórí UPS, bátìrì tó ń gbé wọn dúró bí iná bá lọ. Ẹ gba ìwé àṣẹ ààbò lọ́wọ́ ìjọba, kí ọkọ̀ aláìsàn sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò síyán fún àwọn tó ń tàkìtì kí eré tó parí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi ni. Wọ́n á kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn.

Bí èrò bá ń jáde, ẹ má tíì yọ headset. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n lálẹ́ eré, mo máa ń kà wọ́n: àwọn tó gun òkè, àwọn tó wà lábẹ́ ìtàgé, ọmọ tó ń nu ilẹ̀. Ìgbà tí mo bá kà wọ́n pé lẹ́ẹ̀mejì ni mo tó ń ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀.