Bí A Ṣe Ń Gba Ẹ̀rí Lẹ́nu Ìwé Òrépèté Nípa Ìhìn Rere

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀: ṣé ìtàn obìnrin tí wọ́n mú nínú panṣágà, Jòhánù 7:53 sí 8:11, wà nínú àwọn ìwé Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ kọ sórí òrépèté, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ewéko etí odò ṣe, ní Íjíbítì?

Kí ẹ tó bi ìwé kankan léèrè, ẹ kọ́kọ́ wo apá tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. P àti nọ́ńbà ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń pe ìwé òrépèté kọ̀ọ̀kan. P52 ni òkìkí rẹ̀ kàn jù, ó wà ní Manchester, ṣùgbọ́n àjákù tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni, orí 18 nìkan ló sì wà lára rẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu nípa orí 8. P45 tí ó wà ní Dublin kó Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nígbà kan rí, àmọ́ ewé tí à ń wá ti sọnù, ewé tó sì ti sọnù kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. P66 àti P75 ló kù.

Ẹ wá ṣí àwòrán P66 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí tó wà ní Münster, ní Jámánì, ní àkójọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wọnú èkejì láìsí àlàfo, kò sì sí nọ́ńbà orí tàbí ẹsẹ. Orúkọ Jésù ni kí ẹ fi ṣe àmì ọ̀nà, nítorí lẹ́tà méjì péré ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìlà á sì wà lórí rẹ̀. Ẹ wá ΕΓΕΙΡΕΤΑΙ, ọ̀rọ̀ tó parí 7:52: ΠΑΛΙΝ, tó bẹ̀rẹ̀ 8:12, ló tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú P75. Adàwékọ P66 ṣàṣìṣe púpọ̀, ó sì tún ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ ìtàn náà sí etí ìwé.

Ní ti ọjọ́ orí wọn, ẹ rọra. Ìrísí ìkọ̀wé ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, nítorí adàwékọ kò kọ ọdún síbẹ̀. Nǹkan bí ọdún 200 ni ọ̀pọ̀ ń sọ fún àwọn méjèèjì, àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì ń sọ pé ó lè wọ ọ̀rúndún kẹrin.

Níkẹyìn, ẹ fi wọ́n wé Codex Bezae, ìwé awọ ti nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún, níbi tí ìtàn náà wà. Ohun tí P66 àti P75 jẹ́rìí sí ni pé adàwékọ wọn kò kọ ìtàn náà síbẹ̀. Bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ náà wáyé tàbí kò wáyé, wọn kò sọ.